Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọkọ̀ Ojú Irin Oníbíríkì Lórí Ojú Irin HO

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín láti Ọ̀fà. Àbúrò mi tó ń gbé ní Jámánì fi ojú irin ìṣeré ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ẹ̀rọ kan àti wágọ́ọ̀nù mélòó kan. HO ni wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀. Ọmọ mi ti ní ọkọ̀ ojú irin LEGO tẹ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi bíríkì ìṣeré oníke kéékèèké tó ń há mọ́ra kọ́, ó sì fẹ́ kí ó máa rìn lórí èyí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá irin náà mu rárá. Ṣé kí n gé ẹsẹ̀ náà ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé ohunkóhun. HO jẹ́ orúkọ ìwọ̀n kan fún ọkọ̀ ojú irin ìṣeré. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 16.5, nígbà tí ti LEGO tó nǹkan bí 37.5, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fún ẹsẹ̀ LEGO pọ̀ tí yóò fi bọ́ sí i. Ara tí ọmọ yín fi bíríkì kọ́ ni kí ẹ gbé ka orí ṣáàsì wágọ́ọ̀nù HO, ìyẹn ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ dání.

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà tilẹ̀ ní àǹfààní kan tí inú mi dùn láti sọ. Ojú irin àtijọ́ tó gba ìlú yín kọjá lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà fẹ̀ ní mílímítà 1067, kì í ṣe 1435 bíi ti tuntun tó wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Tí 16.5 bá dúró fún 1067, ohun gbogbo kéré sí ti gidi ní nǹkan bí ìlọ́po 65. Mílímítà 8 ni kókó kan lórí bíríkì LEGO fi jìnnà sí ìkejì, nítorí náà ara tó fẹ̀ ní kókó 6, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ LEGO ní, jẹ́ mílímítà 48, ó sì dúró fún ọkọ̀ tó fẹ̀ tó mítà 3.1. Ó fẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò ní kọ̀ ọ́, ọmọ yín yóò sì ní ọkọ̀ tó jọ ti ìlú rẹ̀ láìtú u ká.

Ẹ yọ òkè wágọ́ọ̀nù HO náà kúrò, kí ẹ wá fi gúlúù lẹ bíríkì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo mọ́ ṣáàsì. Orí èyí ni ìyókù yóò máa há mọ́, tí yóò sì ṣeé yọ nígbàkigbà. Ẹ fi ọwọ́ tì í yí kọ́nà ká kí ẹ tó tan iná. Bí ìsàlẹ̀ ara bá ń ha ẹsẹ̀, ẹ fi bíríkì pẹlẹbẹ mìíràn gbé e sókè, mílímítà 3.2 ni yóò fi ga sí i. Bíríkì fúyẹ́, wágọ́ọ̀nù tó bá fúyẹ́ sì máa ń ṣubú sínú kọ́nà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fà á, nítorí náà ẹ to wọ́ṣà irin tí ẹ bá rí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má lo òjé, nítorí májèlé ni fún ọmọdé.

Ti ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀ ló gba sùúrù, nítorí ẹ́ńjìnnì dúró sókè láàárín ṣáàsì rẹ̀, ẹ sì ní láti fi inú bíríkì sílẹ̀ lófìfo fún un. Ẹ́ńjìnnì HO yìí náà ni kí ẹ lò: 12 volt ni wọ́n ṣe é fún, 9 volt sì ni ti LEGO.

Ìbéèrè: Láti Ìlọrin ni mo ti ń kọ̀wé. Ṣé bátìrì lè wa ẹ́ńjìnnì HO nígbà tí kò bá sí iná?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Bátìrì AAA 6 máa ń mú 9 volt wá, ọkọ̀ náà yóò sì rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré rẹ̀ yóò dín kù. Àpótí bátìrì LEGO gba kókó 4 ní fífẹ̀ àti 8 ní gígùn, ó sì há sínú ara oníkókó 6 tí ògiri rẹ̀ jẹ́ kókó kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ já wáyà tó ń gbé iná láti ẹsẹ̀ ọkọ̀ wá sí ẹ́ńjìnnì, nítorí bí iná bá dé lójijì, ti tíráńsífọ́mà tó ń fún ojú irin ní iná yóò gba orí irin wọlé bá bátìrì, bátìrì náà sì lè gbóná tí yóò fi bàjẹ́.