Sienna àbí Odyssey: èwo ni kí n rà fún ẹni méje?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi, ìyàwó mi, ọmọ mẹ́rin àti ìyá mi la jọ ń gbé ní Ọ̀yọ́, Camry wa ò gbà wá mọ́. Owó ọwọ́ mi lè ra Toyota Sienna tokunbo 2005 tàbí Honda Odyssey ọdún kan náà. Èwo ni kò ní sọ mí di ará ilé mẹkáníìkì? Bàbá Ìbejì.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ètò ilé. Kí a tó máa jà lórí orúkọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Sienna 2004 dé 2010, ojú wọn jọra, inú wọn ló yàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.3 ló wà nínú ti 2004 sí 2006, timing belt ló sì ń lò, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà tó ń mú kí písítìnì àti fáàfù máa rìn ní ìbámu. Bẹ́líìtì yẹn ní ọjọ́ orí: bó bá ti rin 90,000 máìlì, pípààrọ̀ ló yẹ ẹ́. Ta ló máa wá sọ fún yín bóyá ẹni tó lò ó l'Amẹ́ríkà pààrọ̀ rẹ̀? Láti 2007 ni Toyota ti gbé ẹ́ńjìnnì 3.5 sí i, ṣéènì lèyí ń lò, kò ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un bí ẹ bá ṣáà ń yí ọ́ìlì lásìkò. Bí ẹ bá lè fi oṣù mélòó kan wá owó kún owó, 2007 sókè ni kí ẹ rà. Ibẹ̀ lèmi dúró sí.

Èyí náà ní àléébù tirẹ̀ o. Páìpù ọ́ìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì 3.5 yìí tí wọ́n fi rọ́bà sí láàárín. Ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá bẹ́, ọ́ìlì á dà nù tán ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì. Toyota ti ṣe onírin látòkè délẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. Kí mẹkáníìkì yín tan iná wò ó. Bó bá jẹ́ rọ́bà ṣì ni, ẹ yọ owó onírin nínú iye tí ẹ máa san.

Odyssey, mi ò ní parọ́, ó dùn ún wà ju Sienna lọ. Ṣùgbọ́n gíà àwọn ti 1999 sí 2004 ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́kún. Ti 2005 sàn jùyẹn lọ, àmọ́ bẹ́líìtì lòun náà ń lò, bó bá sì já lórí eré, písítìnì á kọlu fáàfù, ó di kí ẹ lọ wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Sienna ni àwọn awakọ̀ èrò ń ná káàkiri báyìí, kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ẹ ò ní rí ní Àráròmí, ní Gate n'Ìbàdàn. Ohun kan náà ló mú kí n ní kí ẹ la ojú: èyí tí wọ́n ń tà fún yín lè ti fi èrò jẹun rí. Ẹ wo ilẹ̀ inú rẹ̀ bóyá ihò wà níbi tí wọ́n ti kan àga kún àga.

Bí ẹni tó ń tà á bá ní 2008 ni, ẹ ka VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá awakọ̀, dé ìkẹwàá: 5 ni 2005, 7 ni 2007, 8 ni 2008, lẹ́tà A ni 2010. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí. Bí ẹrẹ̀ bá wà ńbẹ̀, omi ti mu ọkọ̀ yẹn rí, rewáyà ni yóò máa jẹ owó yín. Èyí tí wọ́n kọ AWD sí lẹ́yìn (tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin), ẹ fi sílẹ̀: taya run-flat, èyí tó ṣì lè rìn díẹ̀ bó bá jò, ni wọ́n fi ṣe é láti ilé iṣẹ́, kò ní sípíà taya.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹni tó bá ti tan án gbóná dè yín, ẹ bi í léèrè ohun tó ń sá fún. Ẹ gbé gíà sí D, ẹ gbé e sí R. Bó bá ń ronú kó tó gbéra, tàbí tó ta yín nídìí, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń fúnra rẹ̀ ṣí ńkọ́? Okùn irin tó ń fà á máa ń já. Ibẹ̀ ni ìyá wa á máa gbà wọlé, nítorí náà ẹ ṣí i, ẹ tì í, lẹ́ẹ̀mẹwàá, kódà bí ojú ẹni tó ń tà á bá ń korò.