Báwo ni mo ṣe lè se ọbẹ̀ tòmátì tí kò lẹ́ran tí kò lẹ́ja, kó má sì kan?

Omi inú tòmátì yẹn lẹ ò jẹ́ kó gbẹ dáadáa, òun ló ń jẹ́ kó kan. Èmi ní Àkúrẹ́ níbí, tí mo bá ti Ọjà Ọba dé, màá lọ tòmátì ńlá mẹ́fà, tàtàsé méjì (òun ló ń bá wa dín kíkan ẹ̀ kù) àti ata rodo kan, màá gbé e kaná láìfi epo kankan sí i, á máa hó títí omi ẹ̀ á fi fà, ó lè tó 20 mínìítì. Lẹ́yìn náà ni màá wá dín àlùbọ́sà tó pọ̀ nínú epo pupa, màá da irú sí i, irú yẹn ló ń ṣiṣẹ́ ẹja o, ẹ má fojú di í, kí n tó wá da ata náà sí i, màá dín in títí epo á fi léfòó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi máàgí sí i, ẹ wo ara páálí ẹ̀, àwọn kan ní adìẹ nínú.

Tó bá jẹ́ ìgbà òjò tí tòmátì wọ́n, ẹ jẹ́ kí tàtàsé pọ̀ jù ú lọ. Ìgbà yẹn náà ni olú máa ń jáde, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ dà á sí i, ẹ ò ní rántí ẹran. Ẹbòlò náà máa ń bá a lọ, àgàgà tó bá jẹ́ iyán lẹ fẹ́ fi jẹ.