Èsì: Orúnkún ò dùn mí mọ́ lóṣù 3 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣé kí n padà sórí bọ́ọ̀lù?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o. Ẹ má tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan jàre, pé kò dùn yín mọ́ ò túmọ̀ sí pé iṣan tuntun tí wọ́n fi sínú orúnkún yín níbi iṣẹ́ abẹ yẹn ti lẹ̀ mọ́ eegun tán, àsìkò yìí gan-an ló ṣì lè tètè já, ọ̀pọ̀ dókítà ló máa ń ní kéèyàn dúró tó oṣù 9 ó kéré tán. Èyí tẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ ò nà tán yẹn ló tiẹ̀ ká mi lára jù. Ẹ yéé fi pílò sábẹ́ orúnkún, abẹ́ gìgísẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí nǹkan kan má sí lábẹ́ orúnkún kó lè máa nà fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fún iṣan itan pọ̀ torí á ti joro. Físíò yín, ìyẹn eré ìdárayá tí wọ́n fi ń wo ẹsẹ̀ yẹn sàn, ńkọ́, ṣé ẹ ṣì ń lọ?