Wọ́n Ní Egungun Ẹ̀yìn Mi Ti Jẹrà

Ọdún 31 ni ẹni tó ń dáhùn lẹ́tà yín lójú ìwé yìí fi ya X-ray ní ilé ìwòsàn ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà mẹ́ta ló yàn lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dídùn ni gbogbo wọn.

Lẹ́tà kìíní

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo, ọmọ ọdún 47. Ó di ọdún mẹ́rin tí ìbàdí ti ń dùn mí, nígbà mìíràn á ta wọ itan òsì. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo mu àgbo títí ó fi sú mi. Mo ya X-ray lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí nǹkan kan. Lọ́dún tó kọjá mo kó àjọ oṣù mẹ́jọ, mo fi gbogbo rẹ̀ ṣe MRI, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń ti ènìyàn wọ inú rẹ̀ láti ya àwòrán inú ara. Akọ̀wé tó ń gbowó níbẹ̀ ló túmọ̀ èsì náà fún mi. Ó ní egungun ẹ̀yìn mi ti ń jẹrà, ohun tó wà láàárín rẹ̀ sì ti yọ síta, pé kí n má gbé nǹkan wúwo mọ́ láyé mi. Láti ọjọ́ náà mi ò pọn omi, mi ò pọn ọmọ ọmọ mi, mo ti gbé iṣẹ́ lé ọmọọṣẹ́ lọ́wọ́, mo kàn ń jókòó ni. Ẹ̀yìn náà wá ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ni? Ẹ̀dà èsì náà ni mo fi mọ́ lẹ́tà yìí.
*Ìyá Aránṣọ, Òṣogbo*

Èsì

Ìyá Aránṣọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Mo ka èsì MRI náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó ká mi lára jù ni màá kọ́kọ́ sọ: kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé egungun yín jẹrà. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tó wà níbẹ̀ ni *degenerative*. Ẹran tí kò rí iyọ̀ ló ń jẹrà. Ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn yín gbó ni, bí ewú ṣe ń hù lórí. Bí ẹnì kan bá rí ewú mẹ́ta lórí yín, tó wá ní "Màmá, orí yín ti ń jẹrà," ẹ ò ní gbà fún un. Ẹ má gba ti ẹ̀yìn náà.

Láàárín egungun kan àti èkejì nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ohun kan wà bí ìrọ̀rí kékeré. Dísìkì ni àwọn dókítà ń pè é. Omi pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà èwe. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, omi náà ń dín, ìrọ̀rí á rẹlẹ̀, etí rẹ̀ á wú síta díẹ̀, bí ìrọ̀rí tí ènìyàn ti ń sùn lé láti ogún ọdún. Wíwú etí yẹn ni wọ́n pè ní *bulge* nínú ìwé yín. L4/L5 tí ẹ rí níbẹ̀ ni àárín egungun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún, ọ̀kan lára ibi tí ìwúwo ara máa ń bọ́ sí jù tí a bá jókòó tàbí tí a bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń jókòó tó ń tẹ orí ba ju aránṣọ lọ?

Ní 1994, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ṣe MRI fún ènìyàn 98 tí ẹ̀yìn ò dùn. Ó lé ní ìdajì wọn tí dísìkì wọn wú bíi tiyín. Ní 2015, àwọn mìíràn kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀. Wọ́n rí i pé nínú 100 ẹni ọdún 50 tí nǹkan kan ò ṣe lẹ́yìn, nǹkan bí 80 ni dísìkì wọn ti gbó, nǹkan bí 60 sì ni tiwọn ti wú. Àwọn wọ̀nyí ń jó níbi ìnáwó, wọ́n ń gbé ẹrù, wọn ò mọ̀ pé ohunkóhun wú lẹ́yìn àwọn, torí wọn ò wọ inú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá gbé gbogbo àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ yín lọ ya àwòrán lọ́la, ìwé tí púpọ̀ nínú wọn máa gbà á jọ tiyín.

Èyí ò túmọ̀ sí pé irọ́ lẹ ń pa. Ẹ̀yìn yín ń dùn, mo gbà á tọkàntọkàn. Àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó ń ya ìrora. Láti 1895 tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Röntgen, ti rí ìtànṣán X-ray ní Jámánì títí di òní, egungun ló mọ̀ ọ́n fi hàn dáadáa. Kì í fi dísìkì hàn, kì í fi iṣan hàn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí nǹkan kan nínú méjèèjì tẹ́ ẹ yà, ó sì dùn mí pé wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ sanwó ẹlẹ́ẹ̀kejì. MRI rí dísìkì, ó rí iṣan, ṣùgbọ́n kò lè sọ èwo nínú ohun tó rí ló ń dun ènìyàn.

Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, ibi tí akọ̀wé yẹn ò kà fún yín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé egungun kankan ò ṣẹ́, pé kò sí àmì jẹjẹrẹ, kò sí àmì ikọ́ fée tí wọ́n ń pè ní TB (ó máa ń wọ egungun ẹ̀yìn, ẹlòmíràn tí iké yọ lẹ́yìn rẹ̀, òun ló fà á), pé dísìkì tó wú náà ò sì tẹ iṣan ìmọ̀lára kankan pa. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Owó àjọ oṣù mẹ́jọ lẹ fi ra ìròyìn ayọ̀, wọ́n wá fi ìbànújẹ́ lé yín lọ́wọ́.

Mo mọ bó ṣe ń rí. Ní 2012, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń gbé aláìsàn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí tábìlì X-ray, ẹ̀yìn tèmi náà há. Mo wọ inú ẹ̀rọ. Ibi méjì ni dísìkì mi ti wú, ọ̀kan tóbi ju tiyín lọ. Dókítà ọ̀dọ́ kan wo fíìmù náà, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yìn yín ti bàjẹ́, sà." Èmi tí mo ti ń wo fíìmù láti ìgbà tí dókítà yẹn wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, mo gbà á gbọ́. Oṣù méjì ni ìyàwó mi fi ń bá mi so okùn bàtà. Ìyá kan tó jẹ́ físíò, àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń na ara, ló gba fíìmù náà lọ́wọ́ mi. Ó kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó ní, "Bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí n rí i." Mo ní mi ò lè bẹ̀rẹ̀. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí, àmọ́ nǹkan kan ò já. Mo jókòó sórí àga ìyá náà, mo sunkún. Ohun tó pa mí lẹ́kún ni iye ènìyàn tí mo ti na irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí láti ojú fèrèsé láìsọ gbólóhùn kan tó lè fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Mo ti pé 68 báyìí. Láàárọ̀ ọyẹ́ ó ṣì máa ń fún mi níbàdí, mo sì ń fi ọwọ́ mi gbé iṣu wálé láti oko.

Nítorí náà, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín, díẹ̀díẹ̀. Ìjókòó ojoojúmọ́ ti sọ iṣan ẹ̀yìn yín di aláìlágbára, òun ló jẹ́ kí ìrora pọ̀ sí i. Ẹ máa rìn láàárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹ gbé nǹkan sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kó ga sí i, kí ọrùn yín má baà máa tẹ̀. Bí ẹ bá ti rán aṣọ fún ìdajì wákàtí, ẹ dìde, ẹ na ara. Garawa omi kíkún lè dúró ná, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì. Ọmọ ọmọ yín, ẹ gbé e lónìí. Ẹ wá físíò ní ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín. Àwọn oògùn ara ríro tí wọ́n ń pò mọ́ra nínú ọ̀rá lọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, torí inú àti kídìnrín yín. Ní ti iṣẹ́ abẹ, mi ò rí ohun tí wọ́n fẹ́ gé nínú ìwé tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ kan bá dé tí ẹ ò lè dá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, tí ojú ara àti ibi tẹ́ ẹ fi ń jókòó kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé ìwòsàn ni lóru ọjọ́ náà.

Lẹ́tà kejì

Ẹni ọdún 66 ni mí, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n tọ́jú mi fún jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ní oṣù méjì yìí ẹ̀yìn ń dùn mí lóru tí mi ò fi lè sùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń rọ. Dókítà ní MRI ni dandan. Wọ́n tì mí wọ inú ihò náà, mo pariwo kí wọ́n fà mí jáde. Ẹ̀rù bà mí bí ẹni tí wọ́n ń sin láàyè. Ṣé X-ray ò lè tó?
*Bàbá Onígi*

Èsì

Bàbá, X-ray ò lè tó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Ìyá Aránṣọ pé kó má bẹ̀rù ìwé, ẹ̀yin ni mo wá ń bẹ̀ pé kẹ́ ẹ padà sínú ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Jẹjẹrẹ prostate máa ń rìn wọ egungun ẹ̀yìn. Ìrora tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń rọ, ohun tí dókítà ń wá nìyẹn. Tó bá wà níbẹ̀ tí wọ́n tètè rí i, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà rọ tán.

Ẹ̀rù yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Mo ti rí ọlọ́dẹ tó ń wọ igbó lóru tó fò jáde nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ó máa ń bà yín lẹ́rù, dókítà lè fún yín ní oògùn tó ń fini lọ́kàn balẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ bo ojú yín *kí* wọ́n tó tì yín wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kan sí yín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá fún un wọ́n á fà yín jáde. Ọmọ yín lè dúró níbi ẹsẹ̀ yín tó bá ti yọ gbogbo irin kúrò lára. Ariwo rẹ̀ pọ̀, gbà-gbà-gbà bíi ti alágbẹ̀dẹ, wọ́n á fún yín ní ohun tẹ́ ẹ máa fi dí etí. Ó máa ń tó ìdajì wákàtí, nígbà mìíràn ó lé. Ní tèmi, mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ láti igba, mò ń kà á bọ̀ wálẹ̀: mọ́kàndínnígba, méjìdínnígba, mẹ́tàdínnígba. Ó gba ọkàn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi ráyè bẹ̀rù. Mi ò tíì dé ọgọ́rin tí wọ́n fi fà mí jáde.

Ohun kan ṣì kù. Òòfà ni ẹ̀rọ náà, ó lágbára gan-an, kì í sùn. Bí ọta ìbọn bá wà lára yín láti ìgbà èwe, bí ẹ bá ti ṣe wẹ́dà rí tí irin ta sí yín lójú, bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí yín láyà, ẹ sọ ọ́. Bí ìgbàdí tàbí òǹdè bá wà lára yín, ẹ yọ ọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn bàbá ní kọ̀rọ̀ pé, "Ẹ fún mi, màá tọ́jú rẹ̀ síbi tẹ́nikẹ́ni ò ní rí i, màá sì dá a padà fún yín." Mi ò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ rí. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ yín náà á ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Lẹ́tà kẹta

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi ní Peckham, ní London. Ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà wa kọ̀, kò fẹ́ ya àwòrán kankan, ó ní kí wọ́n máa rìn. Mo rò pé owó ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣé kí n fi wọ́n ránṣẹ́ sílé wá ṣe é l'Ékòó?
*Ọmọ Ìyá Ẹ̀*

Èsì

Ọmọ mi, má fi wọ́n ránṣẹ́. Láti 2016 ni ìlànà ti wà níbẹ̀ fún àwọn dókítà àdúgbò pé kí wọ́n má kàn máa ya àwòrán fún ẹ̀yìn dídùn lásán, ohun tí mo ṣàlàyé fún Ìyá Aránṣọ lókè ló fà á. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ há ló ń rọlẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n o ò sọ ọjọ́ orí wọn. Bí wọ́n bá ti dàgbà tí wọ́n sì ṣubú, àní nínú ilé lásán, bí ara wọn bá ń gbóná lálaalẹ́, bí wọ́n bá ń rù láìgbààwẹ̀, bí wọ́n bá ti ní jẹjẹrẹ rí tàbí tí wọ́n ti ń lo *prednisolone*, oògùn tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀, tipẹ́, padà sọ́dọ̀ dókítà yẹn, kó o sì dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un. Má kàn ní "ẹ̀yìn ń dùn wọ́n". Bá mi kí wọn, kó o sì kọ̀wé sí mi kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà tó pé.