Apá kẹta nìkan ló bàjẹ́, má tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà

Àbúrò mi ní Minna, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí o kọ. O ní fáìlì tí o fẹ́ fi fláàṣì fóònù oníbàárà (ìyẹn, kí o fi tún sọ́fítíwíà rẹ̀ kó sí i) wà ní apá mẹ́rin, 3.2 GB ni gbogbo rẹ̀, o ti dáńlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo ìgbà tí o bá sì fẹ́ tú u, WinRAR, ètò tó ń tú fáìlì RAR, á ní "checksum error" wà nínú part3. Ọ̀gá rẹ ní kí o ra dátà mìíràn, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, má tíì ra dátà kankan.

Banex, plásà fóònù ní Wuse 2 ní Abuja, ni mo ti kọ́ṣẹ́, Kubwa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà báyìí. Owó tí mo ti sun sórí fáìlì tó já lọ́nà pọ̀ gan-an, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ.

Gbọ́ ohun tí WinRAR ń sọ ná. Nígbà tí wọ́n gé fáìlì náà sí mẹ́rin, nọ́ńbà kan (checksum nìyẹn) wọnú rẹ̀ tí wọ́n ṣírò láti ara ohun tó wà nínú apá kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ń tú u, WinRAR á tún ìṣírò náà ṣe. Bí èsì méjèèjì kò bá bára mu, á kọ̀, á sì dárúkọ apá tó lábùkù. Part3 ló dárúkọ fún ọ. Kò fẹ̀sùn kan part1, part2 àti part4, kí ló wá dé tí o fi ń pa wọ́n rẹ́?

Lọ sínú fódà náà, ṣí Properties apá kọ̀ọ̀kan, kí o ka iye bytes rẹ̀, ẹyọ kékeré tí a fi ń wọn fáìlì. Má ka GB, torí GB máa ń fojú fo èyí tó kù díẹ̀. Fáìlì RAR tí wọ́n gé báyìí, àwọn apá rẹ̀ sábà máa ń dọ́gba regí, àfi èyí tó kẹ́yìn. Bí part3 bá kéré sí part1, ì báà ṣe bytes díẹ̀ péré, ó já lọ́nà nìyẹn, bráwúsà kàn rò pé ó ti parí ni. Tún part3 nìkan gbà. Kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú fódà kan náà, má yí orúkọ wọn padà, part1 sì ni kí o ṣí, á fa àwọn yòókù wọlé fúnra rẹ̀. Bí bytes bá dọ́gba, tí o tún un gbà, tó sì tún kọ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ti ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló bàjẹ́. Wá ibòmíràn.

Ohun tó ń jẹ́ kó já gan-an ni mo fẹ́ kó yé ọ. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí wọ́n ń kó fáìlì sí lọ́fẹ̀ẹ́ kì í fún ọ ní àdírẹ́sì tó máa wà títí. Lẹ́yìn tí o bá ti dúró de aago tí wọ́n ń kà, wọ́n á ṣe líǹkì ìgbà díẹ̀ fún ọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì so ó mọ́ IP tí o fi wọlé, ìyẹn nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tí o sì fi IP mìíràn padà wọlé, líǹkì yẹn ti kú. Bí ó ṣe ń dé 90% tí á tún padà sí òdo nìyẹn. Oṣù mélòó kan ni mo fi ń bínú sí láptọ́ọ̀pù mi kó tó yé mi.

Má fi bráwúsà lásán gba ohun tó bá ju 500 MB lọ. IDM, ètò tó ń báni gba fáìlì, ni mo ń lò. Bó bá já, mo máa padà sí ojú ewé fáìlì náà, gba líǹkì tuntun, kí n fi rọ́pò ti àtẹ̀yìnwá: "Refresh download address" wà nínú IDM fún iṣẹ́ yìí gan-an. Á tẹ̀síwájú níbi tó dúró sí, bí ìkànnì náà bá fàyè gbà á. Àwọn kan kì í fàyè gbà á fún ẹni tí kò sanwó. JDownloader náà dára, ọ̀fẹ́ ni.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìkànnì á ní o ti ń gba fáìlì kan lọ́wọ́, kí o dúró, nígbà tí o kò tíì tẹ nǹkan kan. Àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sábẹ́ IP kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn tí o kò mọ̀ rí ló ń fi IP yẹn gba tirẹ̀. Tan airplane mode fún ìṣẹ́jú kan, kí o pa á. IP mìíràn lè bọ́ sí ọ lọ́wọ́.

Ní ti fáìlì kékeré tó parí ní .exe tí o sọ pé o rí gbà lọ́jọ́ kejì, pa á rẹ́ lónìí, má ṣí i. Bọ́tìnì ìpolówó lo tẹ̀. Ojúlówó bọ́tìnì sábà máa ń ní orúkọ fáìlì àti ìwọ̀n rẹ̀ nítòsí. Fáìlì tí wọ́n pè ní 1 GB kò lè wá di 2 MB. Windows máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́, nítorí náà lọ sí View, kí o tan "File name extensions". Àwọn tó ní kí o kún fọ́ọ̀mù kan kí wọ́n tó fún ọ ní páásíwọ̀dù RAR, sá fún wọn.

Àmọ́ ohun kan wà tó burú ju dátà tó jóná lọ. Ní 2018, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wuse gbé fóònù rẹ̀ wá, kò kọjá lógò. Mo rí fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ fóònù náà gẹ́lẹ́, mo gbà á lóru, inú mi dùn. Mi ò wo build number, nọ́ńbà tó ń sọ irú sọ́fítíwíà tó wà nínú fóònù. Mo tún yan "Format All + Download" nínú SP Flash Tool, ètò tí a fi ń fláàṣì fóònù, torí mo ń kánjú; yíyàn yẹn ń pa gbogbo ohun inú fóònù rẹ́. Fóònù náà kú pátápátá, IMEI rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, lọ. Mo ra fóònù mìíràn fún ìyá náà. Ó gbà á, ó dákẹ́, ó wá bi mí pé àwòrán bàbá àwọn ọmọ òun ńkọ́. Bàbá yẹn ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Inú fóònù yẹn nìkan ni àwòrán náà wà. Ká ní "Download Only" ni mo yàn ni, kí n sì yọ àmì kúrò lórí userdata, ibi tí àwòrán àti nǹkan oníbàárà ń wà, bóyá wọn ì bá ṣì wà níbẹ̀. Títí di òní, mi ò lè gbé fáìlì sórí fóònù ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí part3 tó parí, gbé fóònù oníbàárà rẹ lọ sí recovery mode, ojú àtúnṣe tí fóònù ń ṣí láìwọlé tán. Òkè ojú rẹ̀ ni wàá ti rí build number. Fi wé ti fáìlì náà, lẹ́tà sí lẹ́tà, nọ́ńbà sí nọ́ńbà. Orúkọ fóònù kò tó, torí wọ́n máa ń tà á ní oríṣi ju ẹyọ kan lọ.

Bó bá ti ṣiṣẹ́, tọ́jú RAR náà sórí háàdì dírafù rẹ, kí o kọ build number rẹ̀ tì í. Má gbọ́kàn lé líǹkì. RapidShare ti kógbá wọlé ní 2015, Zippyshare ní 2023, gbogbo líǹkì wọn tí mo kọ sínú ìwé ló kú pẹ̀lú wọn.

Kọ iye bytes part1 àti part3 síbí. Tí iná bá wà lálẹ́ òní, màá bá ọ wò ó.