Èsì: Báwo ni Sípéènì ṣe rí Aztec ṣẹ́gun?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní báwo ni nǹkan bí 500 ọmọ ogun Cortés, ọ̀gágun Sípéènì, ṣe gba ìlú ńlá bíi Tenochtitlan, olú ìlú àwọn Aztec ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Mẹ́síkò lónìí. Àwọn nìkan kọ́ o! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Tlaxcala, ìlú kan tó jẹ́ ọ̀tá Aztec láti ọjọ́ pípẹ́, ló bá wọn jà. Ní 1520 ṣọ̀pọ̀nná wọ̀lú (ilẹ̀ gbígbóná ni kí n pè é), ó pa Cuitláhuac, ọba Aztec tó jẹ lẹ́yìn Moctezuma, kí ó tó pé oṣù mẹ́ta lórí oyè. Ní 1521 àwọn ọmọ ogun Cortés gé omi mímu tó ń ti òkè Chapultepec wá sí ìlú náà. Àárín adágún ni ìlú wà, síbẹ̀ òùngbẹ ń pa wọ́n, torí omi oníyọ̀ ló yí wọn ká. Ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìlú ṣubú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín àwọn abúlé fún àwọn jagunjagun Sípéènì, kí ará abúlé máa san ìṣákọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní encomienda nìyẹn.