Igi ọsàn tí omi pọ̀ jù fún: ẹ má tíì hú u

Òkun o, Ìyá. Mo ka ìbéèrè yín láti Ìsánlú: igi ọsàn ẹ̀yìn ilé ìdáná yín, tí ẹ ń bomi rin láràárọ̀ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ewé rẹ̀ ń pọ́n, ó sì ń wọ́wé, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ hú u lọ gbìn síbòmíràn. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá omi náà dúró lónìí.

Ohun tí ń tan ènìyàn jẹ ni pé ewé igi tí òǹgbẹ ń gbẹ máa ń rọ, ewé igi tí omi ń pa náà sì máa ń rọ. Gbòǹgbò ń mí. Bí omi bá ti kún gbogbo àlàfo inú erùpẹ̀, atẹ́gùn kò ní ráyè wọlé, gbòǹgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, kò sì ní lè fa omi mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ni ó wà. Ẹni tí ó bá rí ewé tó rọ yóò tún sáré gbé garawa.

Ní Kàbà níbí, ẹni tí ó ta irúgbìn ọsàn fún wa pàṣẹ pé kí á máa bomi rin ín láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò sì béèrè irú ilẹ̀ tí a ní. Ilẹ̀ amọ̀ ni ẹ̀yìn ilé wa, omi kì í tètè lọ níbẹ̀. Nígbà tí ewé igi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, a ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ àgíríkì kan. Ọkùnrin náà kò bẹ̀rẹ̀, kò fọwọ́ kan erùpẹ̀. Láti ibi tí ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí ni ó ti sọ pé ebi ni ó ń pa igi, kí á wọn yúríà sí i, ó sì gba owó ọkọ̀ lọ. Gbòǹgbò tí ó ń jẹrà kò lè jẹ àjílẹ̀. Ńṣe ni àjílẹ̀ òyìnbó yóò tún jó èyí tí ó ṣẹ́kù. Etí ewé igi tí a wọ́n ọn sí jóná, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń gbẹ láti òkè wá sísàlẹ̀. Nígbà tí mo fi ọkọ́ wa ìdí rẹ̀, òórùn ẹrẹ̀ gọ́tà ni ó kọ́kọ́ jáde. Mo fa gbòǹgbò kékeré kan, èèpo rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ohun tí ó ṣẹ́kù kò ju fọ́nrán òwú lọ. Èèpo ìdí igi náà ti là, oje pupa rúsúrúsú ń ṣàn níbẹ̀. Phytophthora ni àwọn onímọ̀ ń pe kòkòrò àrùn tí ń ṣe é, inú omi tí ó dúró ni ó ti ń tàn kálẹ̀. Igi yẹn kú. Inú ń bí mi títí di òní, nítorí ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún kí ó lè mọ ilẹ̀ kò wo ilẹ̀ rárá.

Èkejì ni a gbà sílẹ̀. Báyìí ni kí ẹ̀yin náà ṣe sí tiyín: Ẹ kó koríko àti erùpẹ̀ kúrò ní ìdí igi títí ẹ ó fi rí ibi tí gbòǹgbò ti yà, kí ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ igi náà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so ẹ̀ka ọsàn mọ́ ìdí igi mìíràn, má sì sí nínú ilẹ̀. Ẹ la ojú omi síhà ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ẹ má fún un ní àjílẹ̀ kankan títí yóò fi rú ewé tuntun. Ẹ fi èékánná ha ẹ̀ka díẹ̀: èyí tí abẹ́ èèpo rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀ ṣì wà láàyè, ẹ má gé e.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná ni, ẹ wo ibi tí omi ìfọbọ́ ń gbà, torí ó lè jẹ́ pé òun náà ń wọlé síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí ẹ bá sì ní ìbẹ́pẹ nítòsí, ẹ tètè wò ó. Omi tí ó bá dúró sí i nídìí fún ọjọ́ méjì péré lè pa á, orí ebè ni ó yẹ kí ó wà.

Ní ti híhú tí ẹ béèrè, bí igi náà bá ti ga ju ènìyàn lọ, ẹ fi sílẹ̀ níbi tí ó wà. Bí ó bá ṣì kéré, tí omi kò sì níbi tí yóò gbà, ẹ hú u ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé gbòǹgbò tó dúdú tó sì rọ̀, ẹ gbìn ín sórí ebè gíga, kí ẹ sì ṣíji bò ó. Láti ìsinsìnyí, ẹ máa ki ìka bọ ilẹ̀ kí ẹ tó gbé omi. Bí ọ̀rinrin bá ṣì wà níbi tí ìka dé, kò tíì tó àsìkò.